Àṣírí Tí Fọ́ọ̀mù Kò Lè Bò: Ìwé Ìgbaninímọ̀ràn Ìjọ Níwájú Adájọ́

Gbólóhùn kan wà tí a fi ń ṣí ọ̀rọ̀ nínú yàrá ìgbaninímọ̀ràn láti Ìkọ̀tún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí ẹ bá sọ níbí, àárín àwa àti Ọlọ́run ni." Bí pásítọ̀ bá ti sọ ọ́ tán, yóò fa fọ́ọ̀mù yọ. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọdún tí ẹ ṣe ìgbéyàwó, ohun tí ọkọ ṣe, ohun tí ìyàwó sọ, ẹ̀ṣẹ̀ tí a jẹ́wọ́, ọjọ́ tí a ó tún pàdé. Fọ́ọ̀mù wọ inú fáìlì, fáìlì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, lọ́wọ́ igbákejì pásítọ̀, àti lọ́wọ́ ẹni tí ń gbá ọ́fíìsì ní àárọ̀ Sátidé.

Fọ́ọ̀mù yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A fẹ́ kà á bí a ti ń ka ìwé yòówù tí ìjọ bá fọwọ́ sí: kí ni ó sọ, kí ni ó ṣèlérí, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Èrò wa ni pé ó ń ṣèlérí àṣírí tí òfin ilẹ̀ wa kò fi lé pásítọ̀ lọ́wọ́, tí ìṣe ọ̀pọ̀ ìjọ pàápàá kò sì jẹ́ kí ó ṣeé dáàbò bò. Ọmọ ìjọ kì í mọ̀ títí ìwé ìpè láti kóòtù yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Aáwọ̀ wà láàárín tọkọtaya kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n wá bá pásítọ̀ wọn. Ní ìjókòó kẹta, ọkọ fi omijé jẹ́wọ́ pé òun ní ọmọ kan níta, àti pé owó ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì ni òun fi ń tọ́jú ìyá ọmọ náà. Pásítọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbàdúrà, wọ́n dárí ji ara wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ìyàwó gba kóòtù lọ. Ó ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀, ìpín nínú ilé, àti ìtọ́jú àwọn ọmọ. Agbẹjọ́rò rẹ̀ bi í léèrè pé, "Ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ yín jẹ́wọ́?" Ó ní, "Dádì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀." Kò pẹ́ kò jìnnà, òṣìṣẹ́ kóòtù kan ilẹ̀kùn ìjọ.

Ìwé tí ó mú wá ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní subpoena. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ní kí ènìyàn wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí. Èkejì ní kí ó mú ìwé kan wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a pè láti mú ìwé wá nìkan kò tíì di ẹlẹ́rìí; agbẹjọ́rò kò lè máa da ìbéèrè bò ó, ó sì lè fi ìwé náà rán ẹlòmíràn. Pásítọ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè dé iwájú adájọ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí ìwé kan péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ sọ pé lẹ́tà láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kì í ṣe ìwé ìpè kóòtù, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ le tó. Ẹni tí ó fi fáìlì ìjọ lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́ nítorí lẹ́tà lásán ti fi àṣírí ọmọ ìjọ tọrẹ ni, kò sí ẹni tí ó fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń kọ́ni pé kóòtù kò lè pe ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ó yẹ kí ẹni tí ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ilé àlejò Synagogue Church of All Nations ní Ìkọ̀tún-Ẹ̀gbẹ́ wó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, tí ènìyàn 116 sì kú, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ láti wádìí ikú wọn pe olùdásílẹ̀ ìjọ náà, Wòlíì T. B. Joshua. Kò yọjú fúnra rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ láti tako ìpè náà. Ìwádìí ń bá a lọ láìsí i níbẹ̀, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Ọ̀rọ̀ ìgbaninímọ̀ràn kọ́ ni ẹjọ́ yẹn, a kò sì mú un wá láti tún un dá. Ohun tí a ń wí ni pé orí òkè ìwàásù kò ga kọjá ìwé ìpè.

Nísinsìnyí, kí ni òfin wí? Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ka àwọn tí a kò lè fipá mú láti tú àṣírí. Apá 192 bo ohun tí oníbàárà bá sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀. Apá 187 bo ohun tí ọkọ bá sọ fún aya tàbí tí aya bá sọ fún ọkọ, ṣùgbọ́n ààbò náà yẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ bá jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì fúnra wọn. Ẹ lè ka òfin náà láti apá kìíní títí dé ìparí, ẹ kò ní bá àlùfáà, pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù láàárín àwọn tí ó dá sí. Kì í ṣe pé àwọn aṣòfin Àbújá gbàgbé wa. Òfin Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wa, ti ọdún 1943, tọ ipa òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1872, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì fún àlùfáà ní ààbò yìí nínú kóòtù wọn. Adájọ́ Jessel sọ ọ́ ní gbangba nínú ẹjọ́ Wheeler v Le Marchant ní 1881 pé ààbò tí agbẹjọ́rò ní kò kan àlùfáà àti dókítà. Bí a ti jogún rẹ̀ nìyẹn.

Ibì kan wà tí òfin ti ya ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀, ó sì yà wá lẹ́nu bí a kì í ti í kọ́ ọ ní kíláàsì. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970, ní apá 11, pàṣẹ fún adájọ́ láti wò bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe láàárín tọkọtaya, ó sì lè yan ẹni tí ó ní ìrírí tàbí ẹ̀kọ́ nínú ìlàjà ìgbéyàwó láti bá wọn sọ̀rọ̀. Apá 13 sọ pé ohun tí wọ́n bá sọ tàbí tí wọ́n bá jẹ́wọ́ nínú ìlàjà bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù kankan. Apá 14 sì ní kí onílàjà náà búra pé òun yóò pa àṣírí mọ́. Ẹ wò ó bí òfin ti mọ iṣẹ́ wa tó: ó mọ̀ pé tọkọtaya kò lè sọ òótọ́ bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé òótọ́ náà yóò padà wá bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí adájọ́ yàn lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni apá yìí ń sọ nípa rẹ̀. Pásítọ̀ tí ó jókòó pẹ̀lú tọkọtaya ní ọdún méjì ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò yàn án bí kò ṣe ìpè rẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ sí agbo, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya nínú agbo wa kò tilẹ̀ lè dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, nítorí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe: ìdána, ìbùkún pásítọ̀, ó parí. Òfin ọdún 1970 kò kan irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tú ká, Kóòtù Ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, èyí tí ó wà ní Ìgàndò sì ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò yìí mọ̀. Apá 256 nínú Òfin Ẹ̀rí sọ pé òfin náà fúnra rẹ̀ kò de kóòtù ìbílẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àfi bí aláṣẹ bá pa á láṣẹ. Àwọn akọ̀ròyìn a sì máa jókòó ní kóòtù Ìgàndò. Ẹ̀yin náà ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí: orúkọ ọkọ, orúkọ aya, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn, ohun tí ẹnì kíní fi sùn ẹnì kejì. Ìwé ìgbaninímọ̀ràn tí a kà sókè níbẹ̀ lè dé orí fóònù gbogbo ọmọ ìjọ kí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà àbáyọ kankan. Apá 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, apá 38 sì dáàbò bo ẹ̀sìn àti ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dókítà kan tí kò fi ẹ̀jẹ̀ sí ara aláìsàn tí ó kọ̀ ọ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2001, ìyẹn MDPDT v Okonkwo, àwọn adájọ́ so apá méjèèjì yìí pọ̀, wọ́n sì sọ pé ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ kan ohun tí ènìyàn gbàgbọ́ nínú ọkàn rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fipá já wọ ibẹ̀ láìnídìí. Agbẹjọ́rò tí ó já fáfá lè dúró lórí èyí láti bẹ adájọ́ pé kí ó wọ́gi lé ìwé ìpè tí ó fẹ́ tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Ṣùgbọ́n apá 45 fi àyè sílẹ̀ fún òfin tí ó bá yẹ láti dín ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì yọ ohun tí a nílò láti fi pe ẹjọ́ tàbí láti fi gbèjà ara ẹni ní kóòtù kúrò lára púpọ̀ nínú ohun tí ó kà léèwọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni a lè bẹ adájọ́. A kò lè pàṣẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ yìí ni ó mú wa lọ sí ẹjọ́ méjì tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí mọ̀. Ní Ireland, nínú ẹjọ́ Cook v Carroll ní 1945, ìyá kan pe ọkùnrin kan lẹ́jọ́ lórí oyún ọmọbìnrin rẹ̀. Àlùfáà àdúgbò ti pe ọmọbìnrin náà àti ọkùnrin náà sílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti gbọ́ tẹnu wọn. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí ìjọ Kátólíìkì ti mọ̀ ọ́n. Ìgbaninímọ̀ràn ni, irú tiwa gan-an. Wọ́n pe àlùfáà náà láti jẹ́rìí, ó kọ̀. Adájọ́ Gavan Duffy sọ pé kò jẹ̀bi àfojúdi sí kóòtù. Ó fi ìwọ̀n mẹ́rin wọn ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ọ̀mọ̀wé òfin ará Amẹ́ríkà kan, Wigmore, ti là sílẹ̀. Ṣé inú ìgbẹ́kẹ̀lé pé kò ní tú síta ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ìbáṣepọ̀ náà kò lè dúró láìsí àṣírí? Ṣé ìbáṣepọ̀ tí àwùjọ fẹ́ kí ó máa gbèrú ni? Ṣé ìpalára tí ìtúsíta yóò ṣe pọ̀ ju èrè tí kóòtù yóò rí lọ? Ní 1981, nínú E.R. v J.R., kóòtù Ireland tún sọ pé nígbà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá ń gba tọkọtaya ní ìmọ̀ràn, àwọn tọkọtaya ni wọ́n ni àṣírí náà, àwọn ni wọ́n sì lè fọwọ́ sí i pé kí ó sọ ọ́.

A kò lè gbé ìdájọ́ 1945 yẹn wá sí Ìkẹjà bí ó ti wà. Apá kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ipò àkànṣe tí òfin Ireland ìgbà náà fún ìjọ Kátólíìkì, apá 10 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè tiwa sì kọ̀ fún ìjọba láti sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Ìwọ̀n mẹ́rin yẹn ni agbẹjọ́rò wa lè gbé lọ síwájú adájọ́.

Ẹjọ́ kejì ni ó dùn wá jù, nítorí ìjọ tí ó dà bíi tiwa ni. R. v Gruenke, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà, 1991. Ẹjọ́ ìpànìyàn ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ara ẹni. Ọ̀dọ́bìnrin kan sọ ohun tí ó ṣe fún olùgbàninímọ̀ràn ìjọ rẹ̀ tí kì í ṣe àlùfáà, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún pásítọ̀. Orúkọ ìjọ náà ni Victorious Faith Centre. Ẹ rí i pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì lójú pópó Ìdímù. Kóòtù gbà pé a lè fi ìwọ̀n mẹ́rin yẹn wọn ọ̀rọ̀ tí a sọ fún pásítọ̀ ìjọ èyíkéyìí, kì í ṣe ti Kátólíìkì nìkan. Lẹ́yìn náà ó wọn tiwọn, kò sì kún ìwọ̀n àkọ́kọ́ pàápàá. Ẹ̀rí kò fi hàn pé ọ̀dọ́bìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé kò ní tú síta. Ó dà bíi pé ó kàn ń wá ìtura ọkàn ni. Ẹ̀rí pásítọ̀ àti ti olùgbàninímọ̀ràn wọlé.

Bí adájọ́ bá fi ìwọ̀n àkọ́kọ́ yìí wọn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, kí ni yóò rí?

Yóò rí i pé láti orí tábìlì pásítọ̀, fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aládùúrà "kí wọ́n lè gbé e sókè nínú àdúrà". Yóò rí i pé orúkọ arábìnrin tí ń wá ọmọ wà lórí ìwé tí a pín fún ènìyàn ogójì níbi àdúrà òru. Yóò rí WhatsApp: pásítọ̀ fi ọ̀rọ̀ ohùn ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, ìyá ìjọ fi í ránṣẹ́ sí alága àwọn obìnrin. Òfin Ẹ̀rí sì ti ní apá 84 fún ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù jáde. Yóò rí ìtúsílẹ̀ tí a fi kámẹ́rà gbà, tí ẹni tí ń ké lórí ilẹ̀ ń jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe fún ọkọ rẹ̀, tí fídíò rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní. Níbo ni ìgbẹ́kẹ̀lé pé kò ní tú síta wà nínú gbogbo èyí? Pásítọ̀ tí ó bá dúró níwájú adájọ́ tí ó ní, "Olúwa mi, àṣírí ni lọ́dọ̀ wa," agbẹjọ́rò ẹnì kejì yóò kàn béèrè ènìyàn mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Fọ́ọ̀mù ìtúsílẹ̀ burú ju ti ìgbéyàwó lọ. Èyí tí a ń pín fún àwọn tí ń bọ̀ wá gba àdúrà ìdáǹdè a máa béèrè oyún mélòó ni o ti ṣẹ́, ènìyàn mélòó ni o ti bá sùn, òrìṣà wo ni bàbá rẹ ń bọ, ẹgbẹ́ wo ni o ti ṣe, owó wo ni o jí. A mọ èrò àwọn tí ó ṣe é: wọ́n fẹ́ kí ohun òkùnkùn jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 5:16, tí wọ́n ń fi gbè é, sọ̀rọ̀ nípa ìjẹ́wọ́ fún ara wa àti àdúrà fún ara wa. Kò béèrè pé kí a kọ ọ́ kí a sì buwọ́ lù ú. Àti pé ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lòdì sí ara rẹ̀ ni ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò fẹ́ràn jù lọ. Bí pásítọ̀ bá kọ ohun tí ìyàwó sọ nípa ọkọ, agbẹjọ́rò lè jiyàn pé àgbọ́sọ ni. Bí ọkọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ìjẹ́wọ́ ni, ó dúró lòdì sí i. Nípa báyìí, ẹni tí ó ronú pìwà dà jù lọ ni fọ́ọ̀mù wa ń kó sínú ewu jù lọ, ẹni tí ó sì parọ́ fún pásítọ̀ yóò lọ láìfarapa. Òfin Dátà ọdún 2023, ní apá 24, ní kí a má ṣe gba ju ohun tí a nílò lọ, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ ju ìgbà tí ó yẹ lọ. Òfin náà sì ka ìlera, ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn àti ọ̀ràn ìbálòpọ̀ mọ́ ohun tí ó gbẹgẹ́ jù lọ. Ó tì wá lójú díẹ̀ pé ìjọba ni ó ń rán ìjọ létí èyí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Kí a má kọ nǹkan kan mọ́ nígbà náà." Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí a dáná sun ún. A kò fara mọ́ ọn, ibi yìí sì ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ pẹ̀lú wa.

Ẹ yí àpẹẹrẹ wa padà. Ká ní ìyàwó ni wọ́n ń lù. Ó wá sọ́dọ̀ pásítọ̀ ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún kan. Ní ìgbà kẹta, ojú rẹ̀ wú. Kò lọ sí tẹ́ṣàn, nítorí a ti kọ́ ọ pé ọmọlúàbí obìnrin kì í fi ọkọ rẹ̀ sẹ́lẹ́wọ̀n. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndò kò mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ayé, ìwé kan ṣoṣo tí ó ní déètì lórí ìyà rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Nígbà tí ó wá dé kóòtù láti béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí pásítọ̀ mú ìwé náà wá, ṣé orúkọ Olúwa ni pásítọ̀ yóò fi bo ìwé náà? Àṣírí ta ni ó ń pa mọ́? Ó lè jẹ́ ti ọkọ, tí í ṣe díákónì. Ó lè jẹ́ ti pásítọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí lábẹ́ "ìmọ̀ràn tí a fún un" ni a ti kọ ọ́ pé: *kí ó lọ fara dà á, kí ó máa gbààwẹ̀.* Àwọn Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìjọ sì fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, ó ń bá Kọ́ríńtì kìíní orí kẹfà rìn létí obìnrin tí wọ́n ń lù. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù nínú orí yẹn béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tí ó lè ṣe ìdájọ́. Ìjọ tí kò dá ẹjọ́ náà kò lè máa bínú sí ẹni tí ó gbé e lọ síbòmíràn.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ìdájọ́ Ireland ti 1981 sún mọ́ Ìwé Mímọ́ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ni lọ. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ni ó ni àṣírí. Pásítọ̀ kò ni í, ìjọ kò ni í. Òwe 11:13 yin ẹni tí ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Léfítíkù 5:1 ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn ìbúra, tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, tí ó sì dákẹ́. Ẹsẹ méjèèjì wà nínú Bíbélì kan náà, àwọn oníwàásù wa sì ti fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ.

Jeremáyà orí 38 ni àwọn tí ó fẹ́ kí a parọ́ ní kóòtù máa ń sá tọ̀. Ọba Sedekáyà pe wòlíì ní ìkọ̀kọ̀, ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí àwọn ìjòyè bá bi í, kí ó ní ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀ pé kí a má dá òun padà sílé Jónátánì. Àwọn ìjòyè bi í, ó sì dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ibòmíràn nínú Bíbélì tí ó fi ẹni tí ó gbani ní ìmọ̀ràn sí abẹ́ ìbéèrè báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Sedekáyà ni ó ni àṣírí náà, òun ni ó sì pààlà ohun tí wòlíì lè sọ. Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Jeremáyà ti bẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́ nínú 37:20. Kò sì búra níwájú adájọ́ kankan. Ohun tí a lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ó dáhùn pẹ̀lú òótọ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Pásítọ̀ tí wọ́n bi ní ìbéèrè kan lè dáhùn ìbéèrè kan náà kí ó sì dúró. Ohun tí wọn kò bi í, kì í ṣe òun ni yóò yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbúra, bí adájọ́ bá ti pàṣẹ pé kí ó dáhùn, yóò sọ òótọ́, tàbí kí ó kọ̀ ní gbangba kí ó sì gba ìyà àfojúdi. Irọ́ kò sí nínú ọ̀nà méjèèjì.

Báwo ni kí fọ́ọ̀mù náà rí nígbà náà? Ìlérí òkè rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí. Kí pásítọ̀ sọ ọ́ kí ọmọ ìjọ tó la ẹnu: "A kò ní sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí láìgbàṣẹ yín. Bí kóòtù bá pàṣẹ, tàbí bí ẹ̀mí ènìyàn tàbí ọmọdé bá wà nínú ewu, ó lè di dandan fún wa láti sọ ọ́." Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí yóò lé àwọn ènìyàn sá. Ó lè lé àwọn kan. Ẹni tí ó bá dúró yóò mọ orí ohun tí òun dúró lé. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí wọ́n ń bá sùn kò sì sí lára ohun tí à ń jiyàn lé lórí níhìn-ín. Ọ̀dọ̀ àjọ DSVA ti ìpínlẹ̀ Èkó tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a kọ díẹ̀. Déètì, ẹni tí ó wá, irú ọ̀ràn tí ó mú wá ní gbólóhùn kan, ohun tí a gbà láti ṣe, ọjọ́ ìpàdé mìíràn. Bí wọ́n bá lu ènìyàn, kí a kọ ohun tí a fi ojú rí, kí a má fi ìtumọ̀ tiwa kún un. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ohun tí ó ń ṣe lórí ìwé. Kí ìwé ọkọ yàtọ̀ sí ti ìyàwó bí wọ́n bá wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìwé ìpè lórí ọ̀kan ni yóò fa èkejì jáde. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ń gbà kò gbọdọ̀ sùn nínú fáìlì ìjọ rárá. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ kan.

Bí ìwé ìpè bá dé, kí pásítọ̀ wo èdìdì kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, àti bóyá ìwé ni wọ́n fẹ́ tàbí ẹnu rẹ̀. Kí ó wá agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ti ọkọ tàbí ti ìyàwó. Kí ó sọ fún àwọn méjèèjì pé ìwé ti dé, nítorí àwọn ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà. Agbẹjọ́rò lè bẹ adájọ́ pé kí ó wọ́gi lé ìpè tí ó gbòòrò jù, tàbí kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì mú ojú ìwé tí ó kan ẹjọ́ nìkan.

Ní ti àwọn fáìlì àtijọ́ tí ó ti kún kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí ìjọ ti wà lábẹ́ tápólì: kí ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó, kí wọ́n pinnu iye ọdún tí a ó máa fi tọ́jú ìwé, kí wọ́n kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí wọ́n sì gé èyí tí ọdún rẹ̀ ti kọjá wẹ́wẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Àsìkò tí kò sí ẹjọ́ ni a ń ṣe èyí. Bí ẹnikẹ́ni nínú tọkọtaya bá ti mẹ́nu ba kóòtù, kí ọwọ́ kúrò lára fáìlì wọn, nítorí ẹni tí ó bá ba ìwé jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ pé kóòtù lè béèrè rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ọ̀daràn, ó sì lè jẹ́ ojú ìwé tí ó yẹ kí ó gba arábìnrin kan sílẹ̀ ni ó fà ya.